Lẹ́yìn Ọpẹ́ Ńkọ́?

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó gbé pátákó pẹlẹbẹ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, tó fi bírò há etí, tó sì ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà yín kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ má wulẹ̀ sá gba ẹ̀yìnkùlé. Ó ti rí yín. Ìyá Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa bi ọmọ aráyé léèrè ohun tí kò kàn án. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ṣe é fún àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì tó ń ṣèwádìí lórí ìlera, lórí bí ọmọ ṣe ń dàgbà, àti lórí ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe sí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé á kọ ìbéèrè sínú fọ́ọ̀mù, òun á gbé fọ́ọ̀mù láti ojúlé dé ojúlé, á béèrè, á fàmì sí ìdáhùn, á kó o padà fún wọn. Àwọn ni wọ́n ń gboyè nídìí ẹ̀. Òun ni ajá ń lé.

Kò sí ohun tí kò tíì béèrè rí. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fọwọ́ lánàá? Kí lọmọ yín jẹ kó tó lọ sílé ìwé? Ta ló ń mu sìgá nínú ilé yìí? Ìgbà wo lẹ̀yin àti ọkọ yín jà kẹ́yìn, ta ló sì kọ́kọ́ bẹ ẹnì kejì? Kì í sọ èsì ẹnì kan fún ẹlòmíràn, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rín ẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Ọkùnrin kan wà tó máa ń fọ́nnu fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé òun ò fọwọ́ kan sìgá rí. Bí Ìyá Oníbéèrè bá ti ń kọjá, tó sì rọra rẹ́rìn-ín sí i, ńṣe ló máa ń yí ọ̀rọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, ní òun ò tíì jẹun nínú ilé yẹn rí kí òun má ṣèdánwò. "Bàbá, láti orí ení dé orí àrún, báwo lọbẹ̀ yìí ṣe rí lẹ́nu yín?" Kápẹ́ńtà á gbé omi mu. Á tún gbé e mu. Á wá ní, "A dúpẹ́." Ìyá Oníbéèrè á wo ife tó ti gbẹ, á mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù, kò sì ní béèrè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Obìnrin yìí mọ ohun tí "a dúpẹ́" ń jẹ́. Kò lè wá sọ lọ́la pé òun ò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun náà. Ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó kọ́kọ́ rò pé bírò ni kò yọ dáadáa, ó pààrọ̀ bírò mẹ́ta. Ó tún di ẹ̀bi ru àwọn tó ń tẹ fọ́ọ̀mù, ó ní wọ́n ń ṣahun yíǹkì. Ìgbà tó di pé ó dà bíi pé èéfín bo ojú gbogbo èèyàn, tó fi mọ́ ojú ọkọ ẹ̀, ó dákẹ́. Oníbéèrè tí kò lè ka ìbéèrè, ta ló máa gbà á síṣẹ́? Ó dúpẹ́ pé òun mọ ìbéèrè àwọn ọ̀mọ̀wé lórí. Á na pátákó jìnnà sójú, á máa kà á geere, ojú ẹ̀ á sì wà lára èèyàn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára.

Ìwádìí ńlá kan wá dé. Àdúgbò mọ́kànlá. Ìjọba ló fẹ́ mọ ibi tí àìsàn pọ̀ sí àti ibi tí ara ti le, kí wọ́n lè kó ilé ìwòsàn kékeré kúrò níbi tí wọn ò ti nílò ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wá a. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ni iṣẹ́ náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní sùúrù, tí kì í parí gbólóhùn kan kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó pín àdúgbò mẹ́wàá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ìkọkànlá, èyí tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, ó gbé e fún Ìyá Oníbéèrè, torí pé ibẹ̀ ló ń gbé, àti torí pé kò sẹ́lòmíràn tó fẹ́ fi imú fa eruku símẹ́ǹtì.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n dé orí ìbéèrè kìíní: "Báwo ni ìlera yín láti oṣù kan sẹ́yìn?" Àpótí márùn-ún ló wà lábẹ́ ẹ̀. Èyí tó wà lápá òsì ni "kò dára rárá", wọ́n wá ń dára sí i lọ títí dé ìkarùn-ún tó wà ní etí ìwé gan-an, "ó dára gan-an". Ìyá Oníbéèrè nawọ́ sókè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, bí èèyàn bá wá ní 'a dúpẹ́' ńkọ́? Inú èwo la máa sọ ọ́ sí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jin ín sí i. Ó sọ ọ́ lọ, ó sọ ọ́ bọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ti wà lórí tábìlì lẹ́yìn, òórùn ẹ̀ ń wọ yàrá, ikùn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì dáhùn ketekete. Ìyá Oníbéèrè wá rí i pé bí òun ò bá gba aráyé, kò sẹ́ni tó máa gbà wọ́n.

"Ẹ gbọ́ ná, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹni tó ń dúpẹ́, ṣé kì í ṣe pé inú ẹ̀ dùn ni? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ sí ìkarùn-ún ká lọ jẹun."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Oníṣirò, obìnrin kékeré tó ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ka àwọn fọ́ọ̀mù sínú kọ̀ǹpútà, dìde, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó: "A dúpẹ́" ni àrún. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. Bí ebi ṣe bá wọn ṣèpinnu nìyẹn.

Ìyá Oníbéèrè bá mú ọ̀nà pọ̀n. Ó bá bíríkìlà kan níwájú ilé ẹ̀, tó fi aṣọ so apá kọ́rùn. "Báwo ni ìlera yín láti oṣù kan sẹ́yìn?" Bíríkìlà ní, "Ìyá wa, a dúpẹ́. Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ìkarùn-ún. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan. Àwọn ọmọ náà ń fi ikọ́ gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, bí ọ̀kan bá dákẹ́ èkejì á gbà á, débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún ìbéèrè béèrè kó tó gbọ́ èsì. "A dúpẹ́ o, ẹ wọlé ẹ jókòó." Ìkarùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan di ògiri mú jáde láti orí ibùsùn, ibà ń gbọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́, ó ti ń fúyẹ́." Ìkarùn-ún náà ni.

Ó wá kan Màámi, ìyá tó bí i lọ́mọ, tí wọ́n jọ ń gbé. Orúnkún Màámi ti wú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ẹ̀, oògùn ojoojúmọ́ ló sì ń lò sí i.

"Màámi, báwo ni ìlera yín láti oṣù kan sẹ́yìn?"

Màámi wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé o ò sí nílé ni?"

"Iṣẹ́ ni, Màámi. Ẹ ṣáà dáhùn."

"Ó dáa. A dúpẹ́."

Ìkarùn-ún.

Ọ̀tọ̀ ni bó ṣe rí ní àwọn àdúgbò mẹ́wàá yòókù. Àjèjì tó gbé fọ́ọ̀mù dé, wọ́n rò pé oògùn ọ̀fẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ka àìsàn tiwọn, wọ́n ka ti ìyàwó, wọ́n fi ti ewúrẹ́ kún un. Àmọ́ ọmọ ilé ni Ìyá Oníbéèrè. Bó ṣe bi wọ́n, ìkíni ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá ìkíni lóhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun lo ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lójú gbogbo wọn, ó sì fún un ní agboòrùn aláwọ̀ búlúù ràgàjì kan tí wọ́n kọ orúkọ ìwádìí náà yí po. Láti ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ oòrùn, ì báà jẹ́ abẹ́ òrùlé, agboòrùn yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Ìyá Oníbéèrè sin Màámi lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn kékeré wọn, yàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ wà níbẹ̀ lára àjà, fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ́ǹṣì gígùn kan sì wà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, tí kápẹ́ńtà ti ṣèlérí láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun á bá wọn ṣe. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, obìnrin kúkúrú tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn kò pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí. Ìwé kan ló nà sí Ìyá Oníbéèrè.

"Ẹ bá mi kà á sókè, kí gbogbo wọn gbọ́."

Ìyá Oníbéèrè na ìwé jìnnà. Ó nà án jìnnà sí i. "Kà á jàre," ló wí. "Ohùn tìẹ ló dùn."

Nọ́ọ̀sì gbà á, ó kà á. Ìwé náà ní ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi hàn pé àwọn ará àdúgbò yìí ni ara wọn le jù lọ nínú àdúgbò mọ́kànlá. Nítorí náà, wọ́n á ti ilé ìwòsàn náà pa ní ìparí oṣù, wọ́n á sì kó irinṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti nílò wọn.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì, ikọ́ ń lọ ní ẹsẹẹsẹ. Bíríkìlà wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ tún apá ẹ̀ dì.

"Ta ni ara ẹ̀ le?" ni bíríkìlà béèrè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Èmi ṣáà fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n bi," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ìyá Oníbéèrè rọra gbé agboòrùn búlúù sẹ́yìn ìró. Agboòrùn náà ga jù ú lọ.

Màámi ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá wà lóòótọ́, àmọ́ bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀, ó sì tún ku àtẹ̀gùn ogójì tó lọ sókè yàrá oògùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màámi gùn ún rí. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi sùn. "Bí wọ́n bá gbé ọmọbìnrin yìí lọ," ló wí, ó ń tọ́ka sí Nọ́ọ̀sì, "èmi ti lo oògùn mi tán nìyẹn." Bí ẹni ń ṣeré ló ṣe sọ ọ́. Ẹ̀rù ba Ìyá Oníbéèrè. Ó mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe fún ẹni tí kò bá lo oògùn. Òun ló béèrè ọ̀rọ̀ náà nílé èèyàn ẹgbẹ̀rún.

Ojú tì í. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni kò jẹ́ kó mọ́ tán tó fi wà lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwé ló jókòó lórí gbogbo àga, nítorí náà òun dúró.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, a dúpẹ́ ọjọ́sí, kì í ṣe àrún o."

"Kí ló wá jẹ́?"

"Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń dúpẹ́. Ẹlòmíràn á dúpẹ́ tán, á kú."

Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn gidigidi. Ó ní odindi ìwádìí ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọdún mẹ́ta ni yóò gbà wọ́n. Ìyá Oníbéèrè ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù kí wọ́n ti ilé ìwòsàn pa. Oníṣirò yí kọ̀ǹpútà sí i. Nínú igba fọ́ọ̀mù ó lé mẹ́rìnlá tó kó wá, igba dín mẹ́ta ló wà ní àpótí karùn-ún. "Nígbà tí mo rí i, Mà," ni Oníṣirò wí, "mo rò pé omi àdúgbò yín ló dáa. Mo tiẹ̀ fẹ́ wá bu díẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàánú ẹ̀, àmọ́ ìwé ti jáde, wọ́n ti dì í pọ̀. Ọ̀gá Àgbà láti ilé iṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá fọwọ́ sí i lójú gbogbo èèyàn. "Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí ẹ mú ará àdúgbò kan wá kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún."

Màámi ló mú. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń kọ́ ọ bí ọmọ ilé ìwé. Orúnkún, ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì, àìróorunsùn, bọ́ọ̀sì méjì, ogójì àtẹ̀gùn. Màámi ń kà á, ó ń fi ìka kà á.

"Ṣé kí n sunkún sí i?"

"Rárá, Màámi. Òótọ́ ni kí ẹ sọ."

"Òótọ́ nìkan? Ìyẹn ò le."

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá Àgbà wọlé, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, agbádá ẹ̀ gún bí ìwé. Àmọ́ bàtà dúdú tó ń dán ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, sálúbàtà ilé ìwẹ̀ ló wà ní ti òsì, torí ẹsẹ̀ náà wú bí búrẹ́dì. Dírẹ́bà di ìgúnpá ẹ̀ mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró sinmi kó tó dé ìdí tábìlì. Gbogbo èèyàn rí i, gbogbo èèyàn sì ń wo àjà.

Wọ́n pe Màámi. Bó ṣe ń fi ọ̀pá bọ̀, Ọ̀gá Àgbà tiraka dìde fún un, tòun ti ẹsẹ̀ yẹn, ó tẹrí ba. "Màámi, ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ojú oòrùn. Báwo ni ara yín, Mà?"

Ojú Màámi yọ́. "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ ò rí i? Ìwádìí yín ò parọ́." Ó ṣí bírò ẹ̀.

Màámi padà wá jókòó. Ìyá Oníbéèrè wò ó. "Ẹni tó kí mi tó báyẹn," ni Màámi sọ sí i létí, "kí n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn sí i lára? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Oníbéèrè ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló gbé e. Ó gbé pátákó mọ́ àyà, ó fa bírò yọ létí, ó fi ẹ̀rín ọdún mọ́kàndínlógún sójú, ó sì lọ dúró níwájú tábìlì bí ẹni dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ìbéèrè kan péré, kò ní pẹ́. Báwo ni ìlera yín láti oṣù kan sẹ́yìn?"

"Ìyá, a dúpẹ́," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Ìyá Oníbéèrè fàmì sí i. "Oníṣirò, eélòó nìyẹn?"

"Àrún," ni Oníṣirò wí kó tó ronú.

"Ẹ ṣé o." Ó kọjú sí gbọ̀ngàn. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ti gbọ́. Ara Ọ̀gá le, kò sẹ́ni tí ara ẹ̀ le tó tiẹ̀ o. Kí wọ́n bá wa bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì yẹn, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó nílò ẹ̀. Dírẹ́bà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tú u sílẹ̀. Àdúgbò mìíràn wà tí wọ́n ti ń wá ẹni tó máa dì wọ́n mú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n di ojú. Dírẹ́bà ò mọ̀ bóyá kí òun tú u sílẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá Àgbà wo Ìyá Oníbéèrè, ó wo sálúbàtà, ó tún wo Ìyá Oníbéèrè. Èjìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ó fi di ikọ́, àwọn tó kù náà wá ráyè rẹ́rìn-ín.

Ìyá Oníbéèrè dúró kí ẹ̀rín náà tán. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Lẹ́yìn ọpẹ́ ńkọ́, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ìyá, ẹsẹ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn," ló wí, ọ̀rọ̀ sì tú jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ti fòfin de ẹran. Ó ní òun ò lè gun òkè ilé òun mọ́, orí àga pálọ̀ lòun ń sùn láti oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn ọmọ òun sì rò pé òun àti ìyá wọn ń jà ni. Ó sọ ọ́ tán, ó nu ojú. Ara tù ú.

Ọ̀pá Màámi kan ilẹ̀ kó. "Àṣé ohun tí wọ́n ń bi mí nìyẹn?" ló wí. "Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó dáa, ẹ gbé nǹkan yẹn wá, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́." Wọ́n gbé máíkù fún un. Ogún ìṣẹ́jú ló lò, kò gbàgbé àtẹ̀gùn kan nínú ogójì, àfìgbà tí wọ́n rọra gba máíkù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n kọ 'a dúpẹ́' sí àrún?" ni Ọ̀gá Àgbà béèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan. Oníṣirò ń wo tábìlì.

"Èmi ni," ni Ìyá Oníbéèrè wí. "Ebi ló ń pa mí." Ó dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́, ojú tì í níwájú ìyá rẹ̀, àmọ́ ó sọ ọ́.

Ọ̀gá Àgbà dé bírò ẹ̀. "Ẹ padà lọ bi wọ́n. Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi dé."

Kò gba ọjọ́ mẹ́jọ mọ́ o. Oṣù kan àti àbọ̀ ni. Wọ́n fi ìbéèrè kún ìbéèrè kìíní, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀ gan-an: "Lẹ́yìn ọpẹ́ ńkọ́?" Àwọn èèyàn gbé àga fún un, wọn ò sì jẹ́ kó dìde. Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ láti orí apá, ó dé orí ẹ̀yìn, ó parí ẹ̀ sórí ìyá ìyàwó ẹ̀. Oníṣirò ló ń tẹ̀ lé e kiri, tó ń bá a fàmì sí fọ́ọ̀mù, torí Ìyá Oníbéèrè ní ọwọ́ ń dun òun. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ tán, àdúgbò tí ara wọn le jù di ìkẹta láti ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò lọ ibì kankan. Kápẹ́ńtà tún ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ṣe nígbẹ̀yìn. Òun náà ò bọ́ níbẹ̀, torí lálẹ́ ọjọ́ kan tó ní "a dúpẹ́" lórí ọbẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ní, "Lẹ́yìn ọpẹ́ ńkọ́?" Ó ní, "Iyọ̀." Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi sọ̀rọ̀.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Oníbéèrè jókòó ti Màámi, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Màámi ń wò ó. Òkúta ló ń dá padà sínú àwo, ẹ̀wà ló ń jù nù.

"Báwo ni ara?" ni Màámi béèrè.

"A dúpẹ́, Màámi."

"Lẹ́yìn ọpẹ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Màámi fi òun sílẹ̀, pé ìbéèrè tí òun fi ń mú aráyé nìyẹn. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn jókòó, ó ń dúró de ìdáhùn, bí Ìyá Oníbéèrè gan-an ṣe máa ń dúró de tàwọn èèyàn.

"Ojú mi ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò ríran kàwé mọ́. Ó lé lọ́dún kan."

Èyí tó kù wá jáde fúnra ẹ̀.

"Àpótí karùn-ún yẹn, Màámi. Òun ló wà ní etí ìwé. Bí mo bá ti fi àtàǹpàkò wá etí ìwé kàn, mo ti bá a. Àwọn mẹ́rin tó kù, mi ò rí wọn, mò ń méfò ni. Ìdí ẹ̀ tí mo fi ní ká sọ a dúpẹ́ síbẹ̀ nìyẹn."

"Kì í ṣe ebi?"

"Ebi náà wà níbẹ̀."

Màámi gba àwo ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó wá ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n jọ rìn lọ sí yàrá méjì ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò mì mọ́. Nọ́ọ̀sì tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ọ̀tún, òsì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní nǹkan funfun kan ló bò ó, pé wọ́n máa ń yọ ọ́, pé ó yẹ kó ti wá tipẹ́. Kò bú u. Ó jókòó, ó ń kọ ìwé tí wọ́n máa mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

"Ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má dá lọ o, torí wọ́n máa kán nǹkan sí yín lójú."

"Èmi ni mo máa mú un lọ," ni Màámi wí.

Ìyá Oníbéèrè yíjú sí i. Kò rí ojú ìyá ẹ̀ dáadáa, èéfín ló rí. "Màámi, bọ́ọ̀sì méjì ni. Ogójì àtẹ̀gùn ni. Orúnkún yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́," ni Màámi wí.

Ìyá Oníbéèrè ò béèrè mọ́.